Ọ̀bẹ òṣùpá fún iṣẹ́ awọ: èwo ni kí n rà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń lò ó?

Ìyá Báàgì Ògólóńtò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Báàgì ni mò ń ṣe níbí ní Ìkòròdú, ọdún kẹta rèé tí mo gba fírídọ́ọ̀mù. Láti ìgbà náà, kọ́tà tí à ń ṣẹ́ abẹ rẹ̀ lẹ́nu ni mo fi ń gé gbogbo nǹkan. Bí awọ bá fẹ́lẹ́, kò sí wàhálà. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan ní kí n ṣe báàgì tí ọkọ òun á máa gbé lọ síbi iṣẹ́, awọ tó ki ló sì fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo fi kọ́tà tọ ojú ìlà kan ṣoṣo kí awọ náà tó já. Nígbà tó sì já, etí rẹ̀ rí bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́.

Mo wá rí fídíò àwọn oníṣẹ́ awọ nílùú òyìnbó. Ọ̀bẹ kan wà lọ́wọ́ wọn tó rí bí àbọ̀ òṣùpá, ó ní ìwo lọ́tùn-ún lósì, èèkù wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Round knife ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kàn ń tì í lọ síwájú ni, awọ ń là bí ẹni la mọ́ínmọ́ín. Ó wọ̀ mí lójú.

Mo ti wá a káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń ti Ṣáínà wá kò wọ́n. Èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wá, owó rẹ̀ lè san owó ṣọ́ọ̀bù mi fún oṣù mélòó kan. Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa ní alágbẹ̀dẹ lè rọ ọ́ fún mi. Èwo ni kí n mú? Ṣé ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kéré bíi tèmi tilẹ̀ lè lò ó? Ẹ gbà mí o.

Ṣúmékà Sábó

Ìyá Báàgì, kú iṣẹ́ o. Kí a tó sọ ti owó, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan: kí lo fi ń pọ́n sísọ́ọ̀sì rẹ? Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò ló ń bá ọ pọ́n ọn, o ò tíì ṣetán.

Kọ́tà ti ba gbogbo wa jẹ́. Abẹ kú, o ṣẹ́ ẹ, tuntun yọ. Ọ̀bẹ òṣùpá ò níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo máa dá ojú rẹ̀ padà, ní gbogbo ọjọ́ ayé. Mo mọ ọ̀gá kan tí ọmọ rẹ̀ fi ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí i, ojúlówó. Ó lò ó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń yangàn kiri pé ó mú ju abẹ lọ. Ojú rẹ̀ kú, ọ̀gá ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Nígbà tí mo délé wọn lọ́dún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi í gé ọṣẹ.

Ra òkúta ìpọ́nbẹ kí o tó ra ọ̀bẹ.

Oníbẹ́líìtì Ìgbógbó

Ọṣẹ kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní pa wá.

Ìyá Báàgì, èmi ti ra ti Ṣáínà méjì. Èyí àkọ́kọ́ dé, mo gbé e lé awọ, kò lè gé bọ́tà. Inú bí mi, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé irin rẹ̀ dáa, wọn ò pọ́n ọn tán níléeṣẹ́ ni. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ nípọn bíi ti àáké. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú méjì pẹ̀lú òkúta, ìgbà tí mo fi máa ṣe tán, ó ń fá irun apá mi. Òun ni mo fi ń gé bẹ́líìtì títí dòní.

Ni mo bá lọ ra ìkejì lọ́wọ́ ẹni kan náà, kí ọmọ iṣẹ́ mi lè máa lò ó. Àwòrán kan náà, páálí kan náà. Eléyìí rọ̀ bíi ṣíbí. Bí mo bá pọ́n ọn, á mú. Bí mo bá gé ìlà méjì, ojú rẹ̀ á ká. Tẹ́tẹ́ ni ti olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó bá fẹ́ ta á, kó ta á.

Fáìlì ni mo fi ń dán an wò báyìí. Mo máa ń rọra fi etí fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀bẹ níbi tí kò ní bà á jẹ́. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí táìsì olómi, irin le. Bó bá jẹ ẹ́ wọlé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Ìmọ́tà

Ẹ̀ ń lọ sí Ṣáínà, ẹwìrì ṣì ń fẹ́ nílé wa! Ìyá Báàgì, alágbẹ̀dẹ lè rọ ọ́, bó o bá mọ ohun tó o máa sọ fún un.

Ṣúmékà Sábó

Àbúrò, mo bọ̀wọ̀ fún àgbẹ̀dẹ o. Àmọ́ èyí tí mo ní kí wọ́n rọ fún mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ojú rẹ̀ ká bí ewé.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Ìmọ́tà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àdá ni wọ́n rọ fún yín. Àdá gbọ́dọ̀ rọ̀ díẹ̀, torí á pàdé gbòǹgbò, á pàdé òkúta lóko. Bó bá le jù, á fọ́. Ọ̀bẹ awọ ò pàdé òkúta, ó gbọ́dọ̀ le ju àdá lọ dáadáa. Bí ẹ ò bá la ìyẹn yé alágbẹ̀dẹ, ohun tó mọ̀ ló máa ṣe fún yín.

Bàbá mi ti rọ mẹ́ta fún àwọn oníṣẹ́ awọ, èmi ni mo ń fẹ́ iná. Sípíríìn mọ́tò, èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò léra lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ni bàbá máa ń lò. Irin gidi ni, ó ń gba líle. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó nípọn, wọ́n á lù ú títí kó tó di ìwọ̀n mìlímítà 2 tàbí 3. Abẹ áyùn ńlá tí sọ́míìlì ti lò gbó náà dáa, ìyẹn kò tilẹ̀ nílò lílù púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún abẹ áyùn róbótó tí wọ́n lẹ eyín irin mìíràn mọ́ lẹ́nu: eyín yẹn ló le, ara abẹ náà kọ́ ni wọ́n ṣe fún gígé nǹkan.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ wà nìyí. Bí wọ́n bá ti rọ ọ́ tán, tí wọ́n sì ti gé e bí àbọ̀ òṣùpá, wọ́n á dá a padà sínú iná títí òòfà ò fi ní lè fà á mọ́. Òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ ni àwa ń lò. Ọ̀bẹ á ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, ooru rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òróró tí wọ́n ti mú lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni wọ́n á rì í bọ̀, kì í ṣe omi. Omi lè mú kó sán láàárín méjì, mo ti gbọ́ ìró yẹn rí, ó ń dunni dénú egungun.

Lẹ́yìn ìyẹn, irin náà á le, àmọ́ á gbẹ bíi gíláàsì. Ẹ ní láti dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ófùn tí màmá mi fi ń ṣe kéèkì la máa ń yá, a ó fi sí 200, wákàtí kan, a ó jẹ́ kó tutù, a ó tún dá a padà fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ti dán ẹ̀gbẹ́ irin náà tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà sí yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, bíi gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni kó dúró. Bó bá di búlúù, ó ti kọjá 290, ó ti rọ̀ jù fún awọ.

Oníbẹ́líìtì Ìgbógbó

Búlúù yìí lọ̀rọ̀ mi! Ọ̀bẹ kan tí mo ní tẹ́lẹ̀, mo gbé e lọ bá wẹ́dà pé kó fi ẹ̀rọ ìlọrin rẹ̀ bá mi tín ojú rẹ̀ kíákíá. Ìṣẹ́jú méjì, iná ń ta yàà, èmi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wò ó, búlúù ti gba gbogbo etí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Láti ọjọ́ náà kò mú dọ̀la mọ́. Wẹ́dà kò jẹ̀bi, èmi ni mo gbé e lọ.

Bó bá jẹ́ dandan kí ẹ fi ẹ̀rọ kàn án, ẹ gbé garawa omi sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ọwọ́ lásán di ọ̀bẹ mú. Bó bá ti gbóná tó ohun tí ọwọ́ yín ò lè gbà, ẹ rì í sómi.

Akàwé Ìjẹdẹ́

Mo kàn ń kọjá lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀bẹ yìí ti pẹ́ láyé o. Ní Íjíbítì, nínú ibojì Rekhmire, ìjòyè àgbà tó wà lábẹ́ Fáráò Thutmose Kẹta, wọ́n ya àwọn oníṣẹ́ awọ sára ògiri, ọ̀bẹ alábọ̀ òṣùpá wà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí 1450 ṣáájú ìbí Jésù nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, C.S. Osborne, ti wà láti 1826. Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì mọ Walsall ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú àwọn tó ń ṣe gàárì ẹṣin ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ní Saddlers.

Awọ ewúrẹ́ pupa láti Sókótó àti Kánò ńkọ́? Ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n rò pé Mòrókò ló ti wá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Morocco leather títí dòní.

Ṣúmékà Sábó

A dúpẹ́, Akàwé. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ gé báàgì.

Ọlọ́wọ́ Òsì Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Gbogbo ọ̀bẹ ìfáwọ tí mo ti rà, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń pọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ṣe é fún. Ṣé eléyìí náà rí bẹ́ẹ̀ ni?

Oníbẹ́líìtì Ìgbógbó

Rárá o. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń pọ́n, ìwo méjèèjì sì dọ́gba. Yí i bó ṣe wù ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìwo kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìyẹn ni kó o yẹra fún.

Ṣúmékà Sábó

Mo ti pa ṣọ́ọ̀bù, mo ti jẹun. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ìyá Báàgì, o ní ọwọ́ rẹ kéré. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà fẹ̀ tó ínǹṣì 4 sí 5 láti ìwo dé ìwo. Mú èyí tí kò ju 4 lọ. Fi èèkù sí àtẹ́lẹwọ́ kó o pa ọwọ́ dé: ìdí èèkù gbọ́dọ̀ jókòó sínú kòtò àtẹ́lẹwọ́, torí ibẹ̀ lagbára ti ń wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìka. Wo ṣónṣó ìwo rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìwo kò bá rí ṣóńṣó, kò ní lè wọ igun báàgì rẹ.

Ohun tó o máa gé e lé lórí: pátákó rọ́bà funfun tí wọ́n fi ń gé ẹran dáa, igi tí wọ́n gé ní ìdábùú náà dáa. Mábù àti gíláàsì, rárá o. Ìgbà kan péré ni ojú ọ̀bẹ máa kàn án.

Dúró, má jókòó. Di èèkù mú bí ẹni di ọmọ odó, kí ọ̀bẹ dúró ṣánṣán lórí awọ. Bó bá fì sápá kan, etí awọ á dà gẹ̀rẹ́, bó o bá sì lẹ méjì pọ̀, wọn ò ní bára wọn mu. Tì í síwájú, kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ọwọ́ kejì tó di awọ mú, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo, kò gbọdọ̀ sí níwájú rẹ̀ láé. Mo ní àpá kan lẹ́bàá àtàǹpàkò òsì tó ń rán mi létí.

Ìdí tó fi ń gé ju kọ́tà lọ rèé. Bó o bá ń fa kọ́tà, o ń fa awọ pẹ̀lú rẹ̀. Awọ á nà, ìlà á yà. Ọ̀bẹ òṣùpá ń tẹ awọ mọ́ pátákó bó ṣe ń lọ, awọ ò ríbi sá sí. Ojú rẹ̀ tún gùn: bí àárín bá ń kú lọ, o lè lo ẹ̀gbẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fún awọ bẹ́líìtì tó tó mìlímítà 4, má ṣe agídí. Ìgbà àkọ́kọ́, la ojú rẹ̀. Ìgbà kejì, já a.

Bó o bá dé kọ̀nà, rọra gbé èèkù sókè kí ọ̀bẹ yí dé orí ìwo, kí ìwo nìkan máa gé. Awọ ni kó máa yí, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ rẹ. Fi owó kọ́bọ̀ àtijọ́ tàbí ìdérí ìgò ya róbótó sára àjákù awọ, kó o máa gé e jáde. Bó o bá ti gé ogún tí kò ní igun, o ti di ọ̀gá.

Àmọ́ fífá etí awọ ni mo fi fẹ́ràn ọ̀bẹ yìí jù. Níbi tó o bá ti máa ká etí báàgì wọnú kó o tó rán an, ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa wú bí ẹ̀kọ tí ò jinná. Ibí ni gíláàsì tàbí mábù ti wúlò, torí ọ̀bẹ á dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní tẹ gíláàsì bíi ti gígé. Dojú awọ dé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Tẹ́ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kékeré. Má tì í tààrà. Tì í síwájú kó o sì máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń bẹ́ epo igi. Bí ojú rẹ̀ bá mú, ohun tó máa jáde á fẹ́lẹ́ débi tí wàá fi rí ìka rẹ lẹ́yìn rẹ̀, á sì jáde gbọọrọ láìjá. Bó bá ń jáde ní ègé kéékèèké, dáwọ́ dúró, lọ pọ́n ọn. Ẹni tó bá ń fi ipá fá awọ, ó fẹ́ẹ́ lu báàgì oníbàárà jó nìyẹn.

Pípọ́n. Igun tí mò ń fún un jẹ́ nǹkan bíi dígíríì 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbé ọ̀bẹ dúró ṣánṣán sórí òkúta, 90 nìyẹn. Dá a sí méjì, 45. Dá ìyẹn sí mẹ́ta, mú ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ má dà rú, fi máákà dúdú kun ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀bẹ látòkè délẹ̀. Pọ́n ọn díẹ̀, kó o wò ó. Bí dúdú bá ṣẹ́ kù létí gan-an, o dà á dúbúlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ etí nìkan ló mọ́, o gbé e sókè jù.

Ojú rẹ̀ tẹ̀, nítorí náà má ronú pé wàá fi í lọ, wàá fi í bọ̀ bí ọ̀bẹ ilé ìdáná. Tọ́wọ́ rẹ bá ṣì jẹ́ ti akọ́ṣẹ́, di ọ̀bẹ mọ́ etí tábìlì kí ó má mì, kí òkúta kékeré máa rìn lórí rẹ̀ láti ìwo ọ̀tún dé ìwo òsì. Bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta 1000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe ń kúnná tó). 400 wà fún ọ̀bẹ tó ti kú pátápátá tàbí tó ti já léyín. Pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí wàá fi kan irin tín-ín-rín kan tó ká sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó o bá rọra nu àtàǹpàkò kúrò níbẹ̀, á máa hán ọ lọ́wọ́. Bí kò bá tíì ká láti ìwo dé ìwo, o ò tíì ṣe tán. Yí i padà, ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà 3000 tàbí ohun tó súnmọ́ ọn.

Bí owó òkúta kò bá sí, ra sánpépà olómi lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò, 800, 1500 àti 2000, lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìparí rẹ̀ ni awọ. Lẹ awọ líle mọ́ pátákó, fi ìda aláwọ̀ ewé tí àwọn adánrin ń lò pa á, chromium oxide ló wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí àwọn onígbàjámọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú abẹ wọn? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Máa fà á sẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ máa wọ́ tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀. Bó o bá tì í síwájú, o ti gé pátákó awọ rẹ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ lè má kan òkúta fún oṣù méjì.

Ó kù ọ̀kan. Bí ọ̀bẹ yìí bá já bọ́ lórí tábìlì, má gbá a mú. Fò sẹ́yìn. Má sì wọ sílípáàsì níbi iṣẹ́.

Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, àyàfi ti ìpẹtà. Àwa tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí, a mọ̀ ọ́n. Mo rán àkọ̀ tó rẹwà fún tèmi, awọ tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwà ṣe ní Kánò, mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, mo lọ sílé fún ọdún. Nígbà tí mo dé, ara rẹ̀ ti dípẹtà tòtò. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Tèmi, àkọ̀ ló ba ọ̀bẹ jẹ́. Awọ tí wọ́n fi ewé àti èso igi ṣe máa ń gba omi inú afẹ́fẹ́ sára, oje igi tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń jẹ irin. Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ gbé ìṣó lé irú awọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá tutù, kí ẹ wo bí àmì dúdú ṣe máa jáde.

Àkọ̀ dáa fún ọ̀sán. Lálẹ́, ẹ nù ún, ẹ fi epo máṣìn ìránṣọ pa á, ẹ wé e sínú aṣọ. Fasilíìnì náà ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Ìkòròdú máa ní ọ̀sà lẹ ní, ẹ ò ní òkun. Ìrì ọ̀sà náà ń jẹ irin o.

Oníbẹ́líìtì Ìgbógbó

Ìyá Báàgì, má ju kọ́tà rẹ nù. Awọ rírọ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, èyí tó pọ̀ ní Múṣin tí a fi ń ṣe báàgì obìnrin, kì í fẹ́ ọ̀bẹ òṣùpá rárá. Á máa kájọ níwájú ọ̀bẹ bí aṣọ. Kọ́tà tí abẹ rẹ̀ tuntun ni tirẹ̀. Awọ líle lọ̀bẹ yìí ń bá ṣọ̀rẹ́.

Ṣúmékà Sábó

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí ojú rẹ̀ bá mú tó bó ṣe yẹ kó mú, ó ń gé e.

Oníbẹ́líìtì Ìgbógbó

Lọ́wọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n. Lọ́wọ́ yín.

Ìyá Báàgì Ògólóńtò

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Mo gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n Ṣúmékà lẹ́nu, sánpépà àti gíláàsì ni mo kọ́kọ́ rà. Ọ̀bẹ ilé ìdáná mi ni mo fi kọ́ pípọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ mi gé àtàǹpàkò níbi tó ti ń gé tòmátì, ó ní ta ló ṣe èyí. Lẹ́yìn náà mo gba Ìmọ́tà lọ. Mo ya ọ̀bẹ náà sórí káàdíbọ́ọ̀dù, mo gbé e tọ bàbá lọ, ínǹṣì 4 géérégé. Bàbá wò ó, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ gé awọ ni àbí mo fẹ́ gé òṣùpá. Abẹ áyùn sọ́míìlì ni wọ́n fi ṣe é, igi apá ni wọ́n fi ṣe èèkù. Ìwo òsì gùn ju ọ̀tún lọ ní ìwọ̀n ìrẹsì kan, kò sí ẹni tó máa mọ̀ àfi èmi.

Mo fi fáìlì dán an wò, ó yọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lé awọ líle, mo ti ń múra pé màá fi ara tì í. Kò gba nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i, ó ń dún ṣììì bí ẹni ń ya bébà tútù, ìgbà tí mo máa bojú wò ó, awọ ti là dé òpin ìlà. Mo tún ìdè báàgì ọkùnrin yẹn gé, mo sì dá àtijọ́ nù. Etí rẹ̀ ń dán.

Ìṣòro kan ló kù. Àárín ojú rẹ̀ ń fá irun, àmọ́ ìwo méjèèjì ò mú, pàápàá èyí tó gùn. Mo ti fi 1500 tọ́ ọ títí, kò yí padà. Kí ni mò ń ṣe?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Ìmọ́tà

Bàbá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ìwo yẹn ò gùn, pé yíyà yín ló wọ́.

Ṣúmékà Sábó

Bó o bá ti ń dé ìwo, o ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rẹ wálẹ̀, òkúta ò kan ibẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ló ń ṣe é. Fi máákà kun ìwo nìkan, wàá rí i. Àmọ́ kíkọ rẹ̀ ò lè tó rírí rẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé láti aago mẹ́rin. Mú un wá, mú sánpépà rẹ dání, má sì fi ìwé ìròyìn wé e nínú mọ́tò. Wá àkọ̀ fún un.